Ẹ Béèrè, Kí N Dáhùn: Ìtàn Wo Ló Tún Ń Bọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa. Mo ka ìtàn yín ti dírẹ́bà tó ń kó kòkó bọ̀ láti Ìfẹ̀wàrà, ó dùn gan-an. Èwo ló tún wà nílẹ̀? Ẹ ò kúkú máa gbé wọn sórí Facebook fún wa? — Olùkà yín, Iléṣà.

Ìdáhùn: Ẹ ṣé o, ọmọ onílé obì. Ìkan ti jáde lẹ́yìn ìyẹn, ti télọ̀ kan ní Lágere tó gba iṣẹ́ aṣọ ìgbéyàwó ọmọge tó ti jáwèé fún un, bó ṣe ń tú òwú abẹ́ apá aṣọ yẹn lóru tó tún ń rán an padà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù (àwọn kan ní ó ti gùn jù, àwọn ló mọ̀). Àkójọ ìtàn kúkúrú ni mò ń tò lọ́wọ́ báyìí.

Ti Facebook yẹn ló le díẹ̀. Ìkan wà tí mo fẹ́ fi du Commonwealth Short Story Prize (ìdíje ìtàn kúkúrú àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth), wọn kì í gbowó fọ́ọ̀mù, 2,000 sí 5,000 ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fẹ́, àmọ́ wọn ò gba ìtàn tó ti jáde rí, wọ́n sì ka èyí tó ti jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, àfi tó bá jẹ́ orí búlọ́ọ̀gù tàbí wẹ́bùsáìtì ara ẹni; mi ò wá fẹ́ fi ti Facebook dán an wò. Tí wọn ò bá mú un, inú ìwé ìròyìn yìí náà ló ń bọ̀.