Ṣé kí n dá ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ padà sínú Land Rover bàbá mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, bàbá mi tó ti di olóògbé fi Land Rover Series III onípẹtiróòlù kan, èyí kúkúrú, tí wọ́n rà ní 1981, sílẹ̀ fún mi. Ó ti pẹ́ tí mẹkáníìkì kan ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tó sì fi ti Peugeot 504 rọ́pò. Èyí ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, ó ti dípẹtà. Èwo ni kí n lò bí mo ṣe fẹ́ tún ọkọ̀ náà ṣe bọ̀ sípò?
Olùkàwé kan, Bódìjà, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ká ní ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ ti sọnù ni, tí ẹ wá fẹ́ lọ ra irú rẹ̀ ní ọjà Gate, ǹ bá ní kí ẹ fi ti Peugeot sílẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà ara èyí tí ẹ bá rà kò ní bá ti inú ìwé tí bàbá yín fi gba ọkọ̀ náà mu. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ọkọ̀ wá gan-an ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà. Ìlú Ìbàdàn yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ Leyland ti to Land Rover pọ̀ nígbà kan, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí èyí tí wọ́n ti sọ di àdàlú.

Ẹ má kàn tíì yọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wẹ́dà tó mọṣẹ́ wo abẹ́ ọkọ̀, nítorí ìjókòó ẹ́ńjìnnì Peugeot yàtọ̀ sí ti Land Rover, bí wọ́n bá sì ti gé ti àkọ́kọ́ kúrò lára ṣáàsí, ìyẹn férémù tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, a gbọ́dọ̀ wọn ibi tó yẹ kó wà dáadáa kí a tó jó òmíràn mọ́ ọn. Ara ọkọ̀ náà jẹ́ alumíníọ̀mù tí kì í dípẹtà, àmọ́ irin ni ṣáàsí rẹ̀, nítorí náà òun ni kí ẹ fi owó tún ṣe ṣáájú. Ẹ wò ó bóyá gíà Land Rover ṣì wà níbẹ̀, torí bí wọ́n bá ti fi ti Peugeot rọ́pò rẹ̀, táyà iwájú kò lè máa gba agbára mọ́.

Ní ti ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ipá yí i. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ rọ ọ́ìlì sínú ihò wọn, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó rọra fi ọwọ́ yí i. Ìpẹtà ìta kò tó nǹkan. Bí sílíńdà, ìyẹn ihò tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò, bá ti jẹ, wọ́n lè gbẹ́ ẹ fẹ̀, kí wọ́n sì fi písítìnì tó tóbi sí i, ṣùgbọ́n bí búlọ́ọ̀kù, irin ńlá tí àwọn sílíńdà wà nínú rẹ̀, bá ti sán, ẹ jẹ́ kí ti Peugeot máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ má sì ta ti Peugeot títí ti àkọ́kọ́ yóò fi gun Òkè Màpó láìgbóná.