Ìbéèrè Yín: Ẹ̀jẹ̀ AS Méjì àti Àwọn Alágbára Inú Tẹlifíṣàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Olùkọ́. Òṣogbo níbí ni mò ń gbé, lágbègbè Òkè-Fíà. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi jọ wo apá kan nínú Star Trek àtijọ́, eré tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà nípa àwọn tó ń rìnrìn àjò láàárín ìràwọ̀, níbi tí wọ́n ti bá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Khan nínú ọkọ̀ òfurufú tó ti ń rìn kiri láti ọjọ́ pípẹ́, tòun tàwọn èèyàn rẹ̀, gbogbo wọn ń sùn fọnfọn. Wọ́n ní àwọn onísáyẹ́ǹsì ló ṣètò bí wọ́n ṣe bí wọn, kí wọ́n lè lágbára, kí wọ́n sì gbọ́n ju gbogbo ayé lọ. Ìyá, AS lèmi, AS lòun náà. Àtìgbà tá a ti wo eré yẹn ló ti ń sọ pé ká má ṣèyọnu mọ́, pé wọ́n ti ń tún jíìnì, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, ṣe lókè òkun, pé tó bá fi máa dìgbà tá a bá fẹ́ bímọ, a ó kàn ní kí wọ́n bá wa ṣe ọmọ tó pé, tó tún lọ́pọlọ. Ìdána wa ti ń sún mọ́lé. Ṣé òótọ́ ló ń sọ?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú àníyàn. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, òótọ́ díẹ̀ yẹn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù, torí òun ló ń jẹ́ kí ìyókù dùn-ún gbọ́.

Space Seed lorúkọ apá tẹ́ ẹ wò. Oṣù kejì ọdún 1967 ló kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Bẹ́ ẹ bá tún un wò, ẹ máa gbọ́ pé wọn ò sọ níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan jíìnì Khan. Wọ́n ní ṣíṣà ni wọ́n ṣa àwọn òbí tó bí wọn, bí àwọn tó ń sin àgbò ṣe máa ń ṣà á kí ìran rẹ̀ lè dára. Inú fíìmù Khan tó jáde ní 1982 ni wọ́n ti wá dárúkọ títún jíìnì ṣe. Kò sì yà mí lẹ́nu, torí ní 1967, kò sí ẹni tó tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gé DNA, okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì wà lára rẹ̀, kí wọ́n tún so ó pọ̀.

Lónìí, wọ́n mọ̀ ọ́n. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tí à ń bẹ̀rù yìí, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú jíìnì tó ń ṣe hẹ̀móglóbìn, ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, lẹ́tà kan nínú nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta tí wọ́n fi kọ DNA èèyàn. Ní November 2023, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ Casgevy. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní December. Wọ́n á fa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jáde lára aláìsàn, wọ́n á tún wọn ṣe ní lábù, wọ́n á fi oògùn líle pa èyí tó kù nínú mùdùnmúdùn egungun rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á dá èyí tí wọ́n tún ṣe padà. Lẹ́tà tó yí yẹn gan-an, wọn ò fọwọ́ kàn án. Irú hẹ̀móglóbìn tí ọmọ máa ń lò nínú oyún, tó máa ń dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìbí, òun ni wọ́n jí dìde. Iṣẹ́ ọpọlọ ńlá ni, mo sì dúpẹ́ pé ó ṣojú mi.

Àmọ́ 2.2 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n fi lé e lórí ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n sì fọwọ́ sí i ní 2023, kò sí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá. Mélòó ni ọmọ SS tó máa ti jìyà kó tó pé méjìlá? Ẹni tí wọ́n sì tọ́jú bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n tún ṣe. S náà, jíìnì tó yí padà yẹn, ló ṣì máa fún ọmọ tó bá bí.

Ti títún ọmọ ṣe kí wọ́n tó bí i, ọkùnrin kan ní Ṣáínà, He Jiankui, dán an wò. Ní 2018 ó kéde pé òun ti yí jíìnì àwọn ìbejì kan padà nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọlẹ̀, kí kòkòrò HIV má bàa ràn wọ́n. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi san án fún un.

Ọmọ tó lọ́pọlọ ńkọ́? Gíga nìkan, àwọn onímọ̀ ti rí ibi tó lé ní 12,000 lára DNA tó ń dá sí i. Ọpọlọ tún lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, oúnjẹ, oorun àti olùkọ́ gidi sì tún wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá yín ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù nínú lẹ́tà rẹ ni "ọmọ tó pé". Nígbà tí mo ń kọ́ni ní bàọ́lọ́jì, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá ń fi ìwé fẹ́ ara wọn nítorí ooru, súẹ́tà ló máa wà lọ́rùn tiẹ̀, á máa fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀ látòkè délẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀. Ládùúgbò wọn, àbíkú ni wọ́n ń pè é. Òun ló mọ ìṣirò jù nínú wọn. Kí ló ṣe tí kò pé? Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ níyà. Àwọn tó jókòó tí wọ́n ń pinnu irú èèyàn tó tó èèyàn, àwọn ló bí Khan nínú eré yẹn, ayé sì jó.

Ní tìgbéyàwó yín: ẹ kọ́kọ́ lọ tún ṣàyẹ̀wò jẹ́nótáìpù yín ní lábù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí mo ti rí èsì tó tàsé. Bó bá jẹ́ AS méjì náà ni, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Kì í ṣe pé tẹ́ ẹ bá ti bí ẹyọ kan tó jẹ́ SS, àwọn tó kù ti bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀ ni. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń so ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ ní lábù, tí wọ́n á yẹ ọlẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e sínú. Wọ́n ń ṣe é ní Nàìjíríà náà, àmọ́ owó gọbọi ni, oyún náà sì lè má dúró. Bí àfẹ́sọ́nà rẹ bá ní owó rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, kó fi hàn ọ́ kí ẹ tó ra aṣọ ẹbí. Bí kò bá ní in, bó o bá jẹ́ ọmọ tí mo bí, màá ní kẹ́ ẹ dá ìdána náà dúró, kí kálukú máa lọ. Ó máa dùn yín. Mo mọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Olùkọ́, fóònù ọmọ mi ni mo ti wo Khan yẹn. Ṣé ará Íńdíà ni òṣèré náà? Ogun tí wọ́n ní ó jà láàárín àwọn ọdún 1990, èwo ni? — Bàbá kan, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ ṣeun. Mẹ́síkò ni wọ́n bí òṣèré náà sí, Ricardo Montalbán lorúkọ rẹ̀. Nínú ìtàn ni wọ́n ti pe Khan ní ará àríwá Íńdíà. Ogun yẹn ò wáyé rárá. Àwọn tó kọ eré náà ní 1967 ló fojú inú wò ó pé láàárín 1992 sí 1996, Khan á ti jọba lé ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ayé lọ. Ní ìparí, Kirk, ọ̀gá ọkọ̀ òfurufú tó rí wọn, kó wọn lọ sí ìsálú ayé kan tí wọ́n ń pè ní Ceti Alpha V kí wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́ dó. Fíìmù 1982 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló sọ ohun tójú wọn rí níbẹ̀.