Ta ni wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀?

Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni ìjọba Murtala Muhammed pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, tí Àkúrẹ́ fi di olú-ìlú Oǹdó. Ìbẹta ni wá, àwa, Ògùn àti Ọ̀yọ́ (Èkìtì ṣì wà nínú wa nígbà yẹn o, 1996 ni wọ́n tó lọ).

Ní ti èèyàn, Mendelssohn ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní 3/2/1809. Orin dùùrù tí tọkọtìyàwó fi ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, títí dé Àkúrẹ́ níbí, òun ló kọ ọ́. Elizabeth Blackwell náà ń bẹ, 1821: obìnrin àkọ́kọ́ tó gboyè dókítà ní Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ yìí kan náà ní 1966, ọkọ̀ òfuurufú Luna 9 balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ sórí òṣùpá; kò sí ọkọ̀ tó ṣe é rí ṣáájú rẹ̀.