Ṣé kí n béèrè bóyá ìbọn wà nílé ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, Houston ní Texas ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Àwọn ìbejì wa ti pé ọmọ ọdún méje. Ọmọ kíláàsì wọn kan ń ṣe ọjọ́ ìbí, àwọn òbí rẹ̀ sì ní kí àwọn ọmọ mi wá ṣeré, kí wọ́n sùn mọ́jú. Mo fẹ́ béèrè bóyá ìbọn wà nílé wọn àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ọkọ mi ní n kò gbọdọ̀ dán an wò, pé wọn á rò pé à ń pè wọ́n ní ọ̀daràn, àti pé àlejò kì í béèrè ohun tó wà ní yàrá onílé.

Ohun kejì ni pé a fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sílé lásìkò Káyọ̀káyọ̀, ọdún ìlú Ẹ̀pẹ́. Ọdẹ ni bàbá mi. Láti kékeré mi ni ṣakabùlà wọn ti wà lára ògiri pálọ̀. Nínú àwa ọmọ wọn, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tèmi kò mọ irú ìbẹ̀rù yẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ ìbọn fún bàbá tó bí mi?

Ìyá Ìbejì


Ìyá Ìbejì, àbúrò mi, o kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni èmi náà, ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí, Texas yìí náà ni mo ti ń tọ́ ọmọ. Béèrè. Kí àwọn ọmọ tó wọ bàtà ni kí o ti béèrè.

Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ yé mi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa, pé ojú àlejò kì í kọjá pálọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹrù wọn lo fẹ́ tú wò. Ọmọ rẹ lo fẹ́ gbé lé wọn lọ́wọ́ mọ́jú. Lórílẹ̀-èdè yìí, láti 2020 ni ìbọn ti di ohun tó ń pa ọmọ ọdún 1 sí 19 ju ohunkóhun lọ, ó ti kọjá jàǹbá ọkọ̀. N kò ní parọ́ fún ọ pé ibi eré ni gbogbo ikú yẹn ti ń wá o. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìpànìyàn àti ti àwọn ọ̀dọ́ tó gbẹ̀mí ara wọn. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní 2021 fi hàn pé ó tó mílíọ̀nù 4.6 ọmọ tó ń gbé nínú ilé tí ìbọn wà, tí ọta wà nínú ìbọn náà, tí wọn kò sì tì í. Báwo lo ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ilé àdúgbò yín bí o kò bá la ẹnu?

Má ṣe gbé e kalẹ̀ bí ẹjọ́. Kó o mọ́ àwọn ohun mìíràn tí òbí ń béèrè, kí o sì fi ránṣẹ́ lórí fóònù: “Ẹ ṣeun tí ẹ pe àwọn ọmọ wa. Táíwò kì í jẹ ẹ̀pà. Ṣé ẹ ní ajá? Ṣé omi ìlúwẹ̀ẹ́ wà lẹ́yìnkùlé yín? Ṣé ìbọn wà nílé, ṣé ẹ tì í pa, tí ọta rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀?” Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí wọn. Láti ọdún 2000 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti wà lára àwọn tó ń rọ òbí láti máa béèrè rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ya June 21 sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún, nítorí pé ìgbà ọlidé ni àwọn ọmọ máa ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ohun tí àwọn dókítà náà ń fẹ́ ni pé kí ìbọn wà ní títì láìsí ọta nínú rẹ̀, kí ọta náà sì wà ní títì níbòmíràn.

Mo ti béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin kan ládùúgbò wa. Kò bínú rárá. Ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi àpótí onírin kan hàn mí tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ilẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà, ó ṣí i, mo rí i pé ìbọn ìléwọ́ ló wà níbẹ̀, kò sí ọta nínú rẹ̀. Ó wá nawọ́ sókè, ó gbé àpótí kékeré tí ọta wà sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn náà sì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀, mo lè jẹ́ kí ọmọ mi lọ ṣeré níbẹ̀.

Ìdáhùn méjì wà tí o kò gbọdọ̀ gbà. Àkọ́kọ́ ni “A ti tọ́jú rẹ̀ pamọ́, àwọn ọmọ ò mọ ibẹ̀.” Wọ́n mọ̀ ọ́n. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2006, nínú àwọn òbí 100 tó sọ pé ọmọ àwọn kò mọ ibi tí ìbọn wà, ọmọ ti bí 39 ló ní òun mọ̀ ọ́n. Èkejì ni “A ti kìlọ̀ fún wọn.” Ní Atlanta, wọ́n fi ìbọn gidi tí kò lè pa ènìyàn lára pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin ọdún 8 sí 12 sínú yàrá náà, 64 ni gbogbo wọn. Méjìdínláàádọ́ta rí i, ọgbọ̀n gbé e, mẹ́rìndínlógún fà á bí ẹni ń yìnbọn. Ó sì jẹ́ pé a ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó gbé e nípa ewu ìbọn tẹ́lẹ̀. Ọdún 2001 ni ìwádìí náà jáde. Kìlọ̀ fún Táyé àti Kẹ́hìndé pé bí wọ́n bá rí ìbọn, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n kúrò níbẹ̀, kí wọ́n pe àgbà. Àmọ́ má fi ìkìlọ̀ rọ́pò kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ àgbà ni ìbọn títì, má gbé e ka ọmọ ọdún méje lórí. Bí wọ́n bá kọ̀ láti dá ọ lóhùn, tàbí ìdáhùn wọn kò tẹ́ ọ lọ́rùn, ní kí ọ̀rẹ́ wọn wá ṣeré nílé tiyín.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. À ń bẹ̀rù ilé òyìnbó, a kì í bi ara wa. Àwọn ará wa náà ń ra ìbọn ní Texas. Àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ gáàdì, àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń tì lóru, ẹ̀rù olè sì ń bà wọ́n lóòótọ́. Wàá bá a lábẹ́ ìrọ̀rí, wàá bá a nínú báàgì ọwọ́. Ìwọ náà mọ bí ìkómọ wa ṣe ń rí. Àwa wà nísàlẹ̀ nídìí ìrẹsì, orin ń lọ, àwọn ọmọ wà lókè nínú yàrá onílé, wọ́n ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì tí gbogbo obìnrin kó báàgì wọn sí. Ta ló mọ ohun tó wà nínú báàgì wọ̀nyẹn? Láti 1995 ni òfin Texas ti sọ pé ẹni tí kò bá tọ́jú ìbọn tó ṣe é yìn dáadáa, tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 fi rí i mú, ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá ti mú un ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ń dé, ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ sì ti lè ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá ló ń fún ènìyàn ní wáyà onírin tí wọ́n fi ń ti ìbọn, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo máa ń sọ èyí fún ará ilé àti ọ̀rẹ́ láìtijú, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn ti ń bàlágà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ rí ìbọn mú láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó wá ku bàbá wa ní Ẹ̀pẹ́.

Wọ́n mọ ewu ìbọn ju èmi àti ìwọ lọ. Nílé wa, ọmọ tó bá na igi lásán sí ènìyàn bí ẹni na ìbọn, ẹgba ni yóò jẹ. Ẹgba yẹn àti ojú bàbá tó ń wò wá lójoojúmọ́ ló jẹ́ kí a lè gbé abẹ́ ìbọn tó wà lára ògiri. Ojú yẹn kò sí lára àwọn ọmọ rẹ. Ìbọn inú gèèmù ni wọ́n mọ̀, èyí tí wọ́n ń fà tí ẹni tó kú tún ń dìde.

Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù nípa ṣakabùlà ni pé ẹ̀tù àti ọta inú rẹ̀ kò rọrùn láti yọ. Ọdẹ tó bá ki ìbọn rẹ̀, tó re oko òru, tí kò rí ẹran yìn, lè gbé e padà wálé bó ṣe wà, kó fi kọ́ ògiri di ọjọ́ mìíràn. Èyí ni kí o bẹ̀ wọ́n fún: kí wọ́n yìn ín dànù nínú igbó kí ẹ tó dé, kí wọ́n má sì tún un ki títí ẹ ó fi padà.

Má pè wọ́n nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn bá wà níjokòó. Bá màmá sọ ọ́ ná, kí màmá fi tó wọn létí lálẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ìwọ fúnra rẹ pè, kí o kí wọn dáadáa, kí o sì di ẹ̀bi ru àwọn ọmọ: “Bàbá mi, àwọn ọmọ yín ń bọ̀ o. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í lè ṣe kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi gbé ìbọn yẹn wọ yàrá yín kí ẹ tì í. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.” Bàbá ọdẹ kò ní ka èyí sí àfojúdi. Fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin kan, kó lọ bá àwọn wẹ́dà tó ń jó ilẹ̀kùn onírin, kí wọ́n jó àpótí gígùn kan tí ìbọn á gbà, tó ní ibi tí àgádágodo méjì á wọ̀. Kí ẹ̀tù wà nínú nǹkan mìíràn, jìnnà sí ibi ìdáná.

Bí bàbá bá kọ̀, má bá wọn jà. Sùn sílé ẹ̀gbọ́n rẹ, kí ẹ máa kó àwọn ọmọ lọ kí wọn lójoojúmọ́, kí ìwọ tàbí ọkọ rẹ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn ní gbogbo ìgbà. Bí ọkọ rẹ kò bá tíì gbà, fún un ní nọ́ńbà mi. Àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń ráyè.