Wọ́n na àbúrò mi nítorí pé ó ń kiri ọjà. Ṣé a ṣì lè ṣe nǹkan kan?

Ìbéèrè: Àbúrò mi, ọmọ ọdún 19, ń kiri omi tútù lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, àwọn ọlọ́pàá mú un. Kò sá, kò bá wọn jà. Síbẹ̀ wọ́n fi ìdí ìbọn gbá a léjìká, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, wọ́n sì tì í mọ́lé di ọjọ́ Ẹtì. Ìgbà tá a sanwó béèlì ni wọ́n tó fi í sílẹ̀. Kí la lè ṣe? Oníṣòwò kan, Súrùlérè.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Kí ẹ tó kà á tán, ẹ mú un lọ sí ọsibítù ìjọba lónìí, bí ẹ kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Kó sọ fún dókítà ohun tí wọ́n fi lù ú àti ibi tó ti bà á, kí ẹ sì gba ìwé àyẹ̀wò. Ẹ ya fọ́tò èjìká náà. Ẹ má fọ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti rí ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó dọ̀fo nítorí pé egbò ti jiná kí wọ́n tó wá bá mi, kò sì sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn. Ó ṣì ń dùn mí.

Lóòótọ́, òfin ìpínlẹ̀ Èkó ọdún 2003 ka kíkiri ọjà lójú títì léèwọ̀, wọ́n sì lè mú un. Ṣùgbọ́n mímú kọ́ ni nínà. Adájọ́ ló ń fìyà jẹni, ọlọ́pàá kọ́. Agbára tí ọlọ́pàá lè lò ni èyí tó máa fi kápá ẹni tó ń jà tàbí tó ń sá. Bó bá ti gbà láti tẹ̀ lé wọn, ó tán. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 pàápàá kò fàyè gba ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àfi bí wọ́n bá ń bẹ̀rù pé ó fẹ́ sá tàbí pé ó fẹ́ fa wàhálà, tàbí nítorí ààbò ẹni tí wọ́n mú fúnra rẹ̀, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Òfin tó de ìdánilóró, ti ọdún 2017, sì sọ pé “ọ̀gá ló pàṣẹ” kì í ṣe àwáwí fún ọlọ́pàá.

Ti àtìmọ́lé náà: bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n tì í mọ́, abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa ní ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé e dé iwájú adájọ́. Ní Súrùlérè, ilé ẹjọ́ kò jìnnà. Béèlì kò sì ní owó kankan nínú. Ẹ kọ iye tí ẹ san àti ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ẹ wá àwọn tí wọ́n jọ ń kiri lọ́jọ́ náà, kí ẹ gba nọ́ńbà fóònù wọn. Bí ẹnì kan bá rí orúkọ tó wà láyà ọlọ́pàá náà tàbí nọ́ńbà ọkọ̀ wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má gbé ẹ̀sùn yín lọ sí tèṣán yẹn. Kọmíṣánnà ọlọ́pàá ní Ìkẹjà ni kí ẹ kọ ìwé sí, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín.

Bí owó lọ́yà bá wọ̀ yín lọ́rùn, Office of the Public Defender ti ìjọba Èkó kì í gbowó. Wọ́n lè pẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kí wọ́n béèrè owó gbà-má-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba. Ìlànà ọdún 2009 tí ilé ẹjọ́ ń tẹ̀ lé lórí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kò fi gbèdéke àkókò sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé wá pé kí àbúrò yín fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni kò lù ú, kó má ṣe fọwọ́ sí i, mà, bí wọ́n tilẹ̀ ní àwọn máa dá owó béèlì yín padà.