Antivirus ti pa á, àmọ́ ẹni tó wọlé lè ṣì wà níbẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣàgámù, ẹ kú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí o. Ẹ ní mọ́ọ̀sì ń rìn fúnra ẹ̀ lórí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, antivirus ti rí nǹkan kan, ó sì ti pa á, ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè máa báṣẹ́ lọ, àti bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe àwọn dísáìnì tó wà lórí ẹ̀. Rárá o, ẹ má tíì fi ṣe nǹkan kan. Ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì lára ẹ̀ ná, ì báà jẹ́ Wi-Fi tàbí wáyà, ká tó máa sọ ìyókù.

Iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ni mò ń ṣe n'Íjẹ̀bú Òde níbí, mo sì ti rí ibi tí "antivirus ti pa á" báwọn èèyàn dé. Àlàájà kan wà tó ń ṣe printing fáwọn régbérégbé, Ojúde Ọba ti ń sún mọ́, iṣẹ́ kún ilẹ̀, ọmọ iṣẹ́ wọn wá lọ gbé CorelDRAW crack sọ̀kalẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn software dísáìnì tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kéèyàn má bàa sanwó, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó kọ́kọ́ pa antivirus, ọmọ yẹn sì pa á torí bí gbogbo crack ṣe máa ń sọ nìyẹn. CorelDRAW ṣiṣẹ́ dáadáa. Èyí tó fara pamọ́ sínú ẹ̀ náà ṣiṣẹ́. Nígbà tí mọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ́n pe ẹnì kan, onítọ̀hún tan antivirus padà, ó rí fáìlì kan, ó pa á, ó gbowó ẹ̀, ó lọ. Kò pẹ́ sígbà yẹn làwọn kọ́sítómà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìmeèlì pé nọ́ńbà àkáǹtì ti yí padà. Orí ìmeèlì Àlàájà gan-an ló ti wá, invoice tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe ló wà nínú ẹ̀, iye owó ibẹ̀ ò sì yẹ̀. Àwọn kan sanwó. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó pè mí.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tá à ń pè ní backdoor nìyẹn, ìyẹn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbà wọnú kọ̀ǹpútà, èèyàn ló sì wà nídìí ẹ̀. Fáìlì tí antivirus pa yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó gba onítọ̀hún wọlé, tó bá ti wọlé tán, ó lè máa wo ojú kọ̀ǹpútà yín, ó lè máa ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀, páásíwọ́ọ̀dù náà wà níbẹ̀, ó lè tan kámẹ́rà, ó lè kó fáìlì yín lọ kó sì gbé tiẹ̀ wọlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í fọwọ́ kan mọ́ọ̀sì rárá, ṣe ni wọ́n á dákẹ́ tí wọ́n á máa wò.

Àwọn kan á ní router tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fáwọn ní firewall, ìyẹn ohun tó ń dí ọ̀nà mọ́ àjèjì. Àwọn backdoor àtijọ́, irú Back Orifice àti NetBus tó jáde ní 1998, ṣe ni wọ́n máa ń dúró síbẹ̀ de ẹni tó máa kànlẹ̀kùn látìta, firewall lè dí ìyẹn. Àwọn tòde òní, àwọn fúnra wọn ló ń jáde lọ pe ọ̀gá wọn. Ọlọ́dẹ tó ń yẹ ẹni tó ń wọlé wò ní géètì ò ní dá ọmọ ilé tó ń jáde dúró.

Níbi kọ̀ǹpútà Àlàájà, mo pa browser, mo pa gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́, mo ṣí Command Prompt, mo tẹ netstat -ano, àṣẹ tó ń fi gbogbo ibi tí kọ̀ǹpútà ń bá sọ̀rọ̀ hàn. Ìlà kan ṣì ń sọ ESTABLISHED, ìyẹn ni pé wọ́n ṣì so pọ̀, sí àdírẹ́ẹ̀sì kan tí mi ò mọ̀ rí. Mo mú nọ́ńbà tó wà nípẹ̀kun ìlà yẹn lọ sínú Task Manager, ibi téèyàn ti ń rí gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, svchost.exe ló gbé wá. Ẹlòmíì á kọjá lọ ni, torí Windows fúnra ẹ̀ ní svchost.exe rẹpẹtẹ. Mo wá ní kó fi fódà tó wà hàn mí, ó di AppData\Roaming. Ti Windows gidi, inú C:\Windows\System32 ló ń wà. Mo ṣí Task Scheduler, ibi tí Windows ń to iṣẹ́ tó máa ń dá ṣe sí, mo rí èyí tó ń jí i dìde ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ. Onítọ̀hún tún ti fi software táwa ẹnjiníà fi ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti òkèèrè síbẹ̀, antivirus ò bá ìyẹn jà torí software gidi ni. Èyí tó wá dùn mí jù wà nínú ìmeèlì: ó ti ṣe filter kan, ìmeèlì yòówù tó bá ti ní "payment" nínú á lọ bá a, á sì kúrò lójú Àlàájà. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù, kí filter yẹn ṣì máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Ẹ má rò pé ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń ṣe é o. Backdoor kan tó ń jẹ́ Blackshades, tí FBI, àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, kó àwọn èèyàn ẹ̀ ní 2014, nǹkan bí 40 dọ́là ni wọ́n ń tà á, ó sì wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù.

Wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ yín dáràn. Ní Sweden ní 1999, wọ́n bá àwòrán ìhòòhò ọmọdé lórí kọ̀ǹpútà onímọ̀ òfin kan ní yunifásítì Lund, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sá kúrò nílùú, ìgbà tó di 2004 ni kóòtù tó dá a láre, wọ́n rí i pé NetBus ni wọ́n fi darí ẹ̀rọ ẹ̀.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ti kó àwọn dísáìnì yín kúrò, ẹ pa gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín rẹ́, kẹ́ ẹ fi Windows tuntun sí i. Ẹ lo fóònù tàbí ẹ̀rọ míì tó mọ́ láti yí gbogbo páásíwọ́ọ̀dù, ìmeèlì lẹ máa kọ́kọ́ yí, kẹ́ ẹ tẹ ibi tó ní kí gbogbo ẹ̀rọ jáde, torí ẹni tó ti jí ìwọlé yín tẹ́lẹ̀ lè máà nílò páásíwọ́ọ̀dù mọ́. Ẹ wo filter àti forwarding, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń darí ìmeèlì yín síbòmíì. Ẹ pe báńkì yín lónìí. Ẹ fẹnu pe àwọn kọ́sítómà lórí fóònù, ẹ má fi ìmeèlì sọ fún wọn.

Àwọn dísáìnì tẹ́ ẹ béèrè, ẹ lè kó fọ́tò, PDF àti CDR, ìyẹn fáìlì CorelDRAW, sórí fíláàṣì, ẹ má kó .exe kankan, ìyẹn fáìlì tó ń gbé software ṣiṣẹ́, fódà crack kankan ò gbọ́dọ̀ bá wọn lọ, kẹ́ ẹ sì fi antivirus yẹ fíláàṣì yẹn wò lórí ẹ̀rọ míì kẹ́ ẹ tó ṣí i. Windows tẹ́ ẹ máa fi sí i, orí sáìtì Microsoft ni kẹ́ ẹ ti gbà á pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó mọ́, wọn ò gbowó lórí gbígbé e sọ̀kalẹ̀, fíláàṣì 8GB ti tó.