Káàdì Jámánì tó fẹ́ kú: ohun tójú mi rí

Àbúrò mi, o ní ọ̀sẹ̀ méje ló kù kí káàdì ìgbélùú ẹ ní Jámánì kú, Master's ẹ ṣì ku ọdún kan, o ti ń wá Termin (ọjọ́ tí wọ́n á dá fún ẹ láti wá rí wọn) látọjọ́ yìí o ò rí, o wá ń bèèrè pé ìwé wo ni kó o kó jọ àti pé ṣé wọn ò ní lé ẹ. Fọkàn balẹ̀ ná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gba káàdì tuntun, ẹ̀ẹ̀kan péré ló lọ geere.

Má jẹ́ kí Termin já ẹ láyà. Ohun tó jà jù ni pé kí ìwé ẹ ti dọ́wọ́ Ausländerbehörde, ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn àjèjì, kó tó di ọjọ́ tí wọ́n kọ sára káàdì yẹn. Òfin wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, Aufenthaltsgesetz, abala 81: tó o bá ti bèèrè kí káàdì tó kú, èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ á ṣì máa ṣiṣẹ́ títí wọ́n á fi dá ẹ lóhùn. Tó bá fi lè lé ọjọ́ kan péré, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Nítorí náà fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, tí ìlú ẹ bá ní fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì lò ó, tí ò bá sí kọ í-meèlì, kó o sì kọ ọ́ gbangba pé Antrag auf Verlängerung (ìbéèrè pé kí wọ́n fi kún ọjọ́ káàdì ẹ) lo ń ṣe, má kàn sọ pé o ń wá Termin o. Èmi tún tẹ tèmi jáde, mo lọ jù ú sínú àpótí lẹ́tà wọn, mo ya fọ́tò ọwọ́ mi níbi tí mo ti ń jù ú. Máa rẹ́rìn-ín. Fọ́tò yẹn ló gbà mí lọ́jọ́ tí wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ mi.

Tó o bá fẹ́ lọ sílé kí káàdì tuntun tó jáde, bèèrè Fiktionsbescheinigung, ìwé tó ń fi hàn pé o ti bèèrè àti pé o ṣì ń dúró de èsì, kó o sì wò ó dáadáa kó o tó kúrò níwájú kaúńtà. Àpótí tí wọ́n kọ 81 Abs. 4 (abala 81, ẹsẹ kẹrin) sí ni kí wọ́n fàmì sí. Tó bá jẹ́ Abs. 3 ni wọ́n fàmì sí, tó o bá fi jáde, o ò lè fi wọlé padà.

Ó wá kan owó, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. 992 euro lóṣù ni wọ́n ń fẹ́ rí, ìyẹn 11,904 lọ́dún. Èmi ò ní Sperrkonto (àkáǹtì tí wọ́n ti owó pa sí, tí wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀ fúnni lóṣooṣù) mọ́ nígbà yẹn, mo bá kó sìtétímẹ́ǹtì báǹkì lọ, inú mi ń dùn pé owó wà níbẹ̀. Ìyáàfin tó jókòó síwájú mi mú bírò, ó fi fa òbìrí yí 4,000 kan tó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní "Woher kommt das?", ìyẹn ni pé níbo ni èyí ti wá. Owó àjọ ni! Báwo lèèyàn ṣe ń ṣàlàyé àjọ lédè Jámánì? Mo ní èèyàn mẹ́wàá là ń dá a, 400, 400 lóṣooṣù, èmi ni mo kó o lóṣù yẹn. Ó ronú díẹ̀, ó ní a jẹ́ pé gbèsè ni. Kí n má purọ́, kò ṣìṣe, èmi ni mo kó ṣìkejì, oṣù mẹ́jọ ṣì wà nílẹ̀ tí mo máa san. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi àti payslip oṣù mẹ́ta ló padà yọ mí. Torí náà, má lọ yá owó ńlá dà sínú àkáǹtì torí tiwọn, wọ́n ń wo ibi tó ti wá.

Àwọn yòókù ò le: ìwé pé o ṣì wà níléèwé ní sáà yìí, èsì ìdánwò, ìwé ilé àti Anmeldung (ìwé pé o ti fi àdírẹ́sì ẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú), ìwé láti ọ̀dọ̀ Krankenkasse, iléeṣẹ́ ìbánigbófò ìlera (tó o bá ti fẹ́ pé 30, tètè bá wọn sọ̀rọ̀, iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ máa yí padà). Fọ́tò orí bébà ti kúrò níbẹ̀ láti 2025, ti orí ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbà.

Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, lọ ṣí pásípọ́ọ̀tù ẹ wò nísinsìnyí. Káàdì ò ní pẹ́ ju pásípọ́ọ̀tù lọ. Nígbà kejì tèmi, oṣù márùn-ún ló kù lára pásípọ́ọ̀tù mi, oṣù márùn-ún náà ni wọ́n fún mi, 93 euro sì ni mo san, kò dín kọ́bọ̀. Mo fẹ́ ṣe pásípọ́ọ̀tù tuntun, wọ́n ní orúkọ inú NIN mi ò bá ti pásípọ́ọ̀tù mu, torí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ n'Íbàdàn gbàgbé lẹ́tà kan nínú orúkọ bàbá mi. Lẹ́tà kan ṣoṣo! Ọmọ ìyá mi ló ń sáré kiri nílé fún odidi oṣù méjì kí wọ́n tó tún un ṣe.

Tó o bá ti kọ lẹ́tà yẹn, fi hàn mí kó o tó fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n fi nǹkan bo nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù ẹ, ojú pọ̀ níbí.